Kèrègbè Omi tí Ìjàpá Gbé Lọ Ilé Àna

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gun kẹ̀kẹ́, ó yí gbirigbiri. Ó gba ẹ̀yìnkùlé ọba kọjá, kò kọlu ọba. Ó gba iwájú ilé ìjòyè, kò kọlu ìjòyè. Ibi tí okun ti tán nínú rẹ̀ ló ti wó. Orí ta ló wó lé?

— Orí Ìjàpá!

Ẹ kú ìfura. Orí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé Ìjàpá sókè nínú oko, tí nǹkan á rin yín lọ́wọ́, tí ẹ ó sì jù ú sílẹ̀ tariwotariwo, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí oorun ń kùn, kó lọ bọ́jú. Èmi kì í pàlọ́ fún ẹni tó ń hanrun.

Láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn ẹranko ń gun kẹ̀kẹ́, Ìjàpá wà nílé lóun nìkan. Yánníbo ti lọ. Ẹ má bi mí pé kí ló lé e lọ, ẹ̀yin náà mọ Ìjàpá. Obìnrin náà se ọ̀lẹ̀ tó fẹ́ gbé lọ fún ìyá rẹ̀, ó gbé e pamọ́ sórí àjà, ó lọ wẹ̀. Kó tó wẹ̀ tán, Ìjàpá ti jẹ ẹ́ tewétewé. Ó ní eku ni. Yánníbo wo ewé tó lẹ̀ mọ́ ọn lágbọ̀n. Kò jà, kò pariwo. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀nà ìlú bàbá rẹ̀ lọ, Òkè-Iyọ̀, ìlú kan tó wà lódìkejì Pápá Gbẹrẹfu, níbi tí ojú ọ̀run ti ń kan ilẹ̀.

Inú Ìjàpá kọ́kọ́ dùn. Ó ní ìkòkò ti di tòun nìkan. Lóòótọ́ ni, ìkòkò di tirẹ̀ nìkan, àmọ́ kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, á máa gbọ́ odó tí ẹnikẹ́ni kò gún. Bó bá fẹ́ jẹun, á gbé àwo méjì kalẹ̀, á tún dá ọ̀kan padà. Àárò Yánníbo wá ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́ gan-an ni.

Ìsun kan wà lẹ́yìn ilé wọn lábẹ́ igi ìyeyè. Omi rẹ̀ tutù, ó dùn. Láràárọ̀, kí Yánníbo tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Á fọwọ́ méjèèjì bu omi, á mu ún, á nu ẹnu, á wá yíjú sílé pé, "Bàbá ilé mi, ṣé ẹ jíire?" Láti ọjọ́ tó ti lọ, Ìjàpá ń lọ jókòó sétí ìsun náà láàárọ̀. Ó ń retí ìkíni. Ìkíni kò dé.

Níbẹ̀ ni Àdàbà ti bá a lọ́jọ́ kan. Ó bà sórí ìyeyè, ó ní, "Yánníbo ní kí n kí yín o."

Ìjàpá fò dìde. "Kí ló ní kó o sọ?"

"Ó ní inú òun ti rọ̀ díẹ̀. Ó ní omi ìlú àwọn níyọ̀, ọ̀fun òun kò lè gbàgbé ìsun yìí. Kí ẹ fọwọ́ ara yín gbé kèrègbè kan wá fún òun. Bí òun bá ti mu ún, òun á tẹ̀lé yín wálé."

"N óò gbé e lọ! Bó bá di ìgbà wo?"

"Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ ni o. Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, òun àti ìyá rẹ̀ á gbin àgbàdo. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n, ìyàwó tó bá ti fọwọ́ gbin nǹkan sóko bàbá rẹ̀, ó ti jókòó síbẹ̀ nìyẹn."

Àdàbà fò lọ. Ìjàpá gbójú sókè. Ọ̀gbẹlẹ̀ ṣì mú, ṣùgbọ́n ìkùukùu kékeré kan ti ń yọjú níhà ìlà oòrùn. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ṣe pé ẹsẹ̀ yẹn ni yóò gbé e dé Òkè-Iyọ̀, àgbàdo sísun ni yóò bá lọ́wọ́ Yánníbo.

Ló bá gba ilé Ajá lọ. Ajá ni ọ̀gá nínú kẹ̀kẹ́ gígùn nígbà yẹn. Ó ní èyí tó ń gùn, ó sì tún ní kékeré kan tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀.

"Ajá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà."

"Ìjàpá, kò sí ẹran nílé o."

"Ta ló ń bèèrè ẹran? Kẹ̀kẹ́ ni mo wá yá." Ó ro ẹjọ́ Yánníbo fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó kàn fo ti ọ̀lẹ̀ ni. Bó ṣe ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ já. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn o. Ajá gbọ́ ọ nínú ohùn náà, àánú sì ṣe é.

"N óò bá ọ lọ," Ajá wí. "Èèyàn kì í dá Pápá Gbẹrẹfu là."

Ó de igi mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ kékeré náà kí ẹsẹ̀ Ìjàpá lè tó o. Ó kọ́ ọ. Ìjàpá ṣubú síwájú, ó ṣubú sẹ́yìn, ọpẹ́lọpẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó mọ̀ ọ́n. Ajá wá pè é jókòó.

"Tẹ́tí sílẹ̀. Kèrègbè méjì ni kó o gbé, ti àna ọ̀tọ̀, ti ọ̀nà ọ̀tọ̀. Fi oyin sínú ti ọ̀nà, kó o ta iyọ̀ díẹ̀ sí i. Kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n àti àádùn dání. Ìdí igi ńlá èyíkéyìí tá a bá dé, a ó sọ̀. Òǹgbẹ ń gbẹ wá o, kò gbẹ wá o, a ó mu. Ebi ń pa wá o, kò pa wá o, a ó jẹ."

"Kí n jẹun nígbà tí ebi ò pa mí?" Ojú Ìjàpá ń tàn.

"Òǹgbẹ orí kẹ̀kẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ìgbà tó o bá fi máa mọ̀ pé ó dé, ó ti jókòó sórí àga rẹ."

"O ṣeun, ọ̀gá mi."

Ìjàpá délé, ó ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó rò ó bọ̀. Ó ní, "Kèrègbè méjì á wúwo. Ajá á kúkú gbé tirẹ̀. Ohun tí ọ̀rẹ́ bá gbé, àwa méjèèjì la gbé e." Ló bá jókòó ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àádùn tó yẹ kó gbé dání, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbéra. Ó ní ikùn ni àpò tí kì í já.

Ṣùgbọ́n kèrègbè ti Yánníbo, ẹ wò ó! Ó fi iyanrìn fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́. Ó dúró kí omi ìsun tòrò kó tó rọra bu ú, kó má baà rú. Ó fi ewé tútù dí ẹnu rẹ̀, ó fi aṣọ kan tí Yánníbo gbàgbé sílé wé e, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ̀bìà náà máa ń ní ẹni tó fẹ́ràn.

Wọ́n gbéra. Kẹ̀kẹ́ Ajá ń lọ níwájú, ti Ìjàpá ń tẹ̀lé e. Ìjàpá wá dá orin. Ẹ bá mi gbè é:

Yánníbo, mò ń bọ̀ lọ́nà,
— Kẹ̀kẹ́ yí, yí, yí.
Omi rẹ ń bẹ lẹ́yìn mi,
— Kẹ̀kẹ́ yí, yí, yí.
Má tíì gbin àgbàdo o,
— Kẹ̀kẹ́ yí, yí, yí.
Dúró dè mí kójò tó rọ̀,
— Kẹ̀kẹ́ yí, yí, yí.

Wọ́n dé ìdí igi àràbà kan, Ajá sọ̀. Ó mu díẹ̀, ó jẹ díẹ̀. Ó ní, "Tìẹ dà?"

"Ọ̀rẹ́, nílé tiwa, ẹni tó ń lọ ilé àna kì í jẹun lọ́nà. Ebi la fi ń bọ̀wọ̀ fún àna."

"Àṣà yín le o," Ajá wí.

"Ó le. Ajá, nǹkan kan já bọ́ lára kẹ̀kẹ́ rẹ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ó dún bí agogo."

Ajá sáré padà, ó fi imú tú gbogbo ojú ọ̀nà. Kó tó dé, Ìjàpá ti mu nínú omi oyin rẹ̀, ó ti bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ti ju èèpo rẹ̀ sígbó.

"N kò rí nǹkan kan."

"Á jẹ́ pé ẹyẹ ni."

Ìdí igi tó tẹ̀ lé e, táyà ni Ìjàpá gbọ́ tó ń mí. Ìdí igi mìíràn, ó rí ẹnì kan tó ń juwọ́ sí Ajá lókèèrè. Gbogbo ìgbà tí Ajá bá lọ wò ó, kèrègbè rẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀ sí i. Ajá gbé e, ó mì ín létí.

"Ó jọ pé kèrègbè mi ń jò."

"Oòrùn ló ń mu ún," Ìjàpá wí. "Oòrùn ìhín kì í tọrọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wọ Pápá Gbẹrẹfu. Kò sí igi, kò sí ilé. Koríko gbígbẹ lọ rẹrẹẹrẹ, atẹ́gùn gbígbóná sì dojú kọ wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé àárín rẹ̀, Ajá na ọwọ́ sí kèrègbè, kò bá nǹkan níbẹ̀. Ó wo inú àpò, àádùn ti tán. Ó gbé imú sókè, ó fà á sínú, fíìn.

"Omi ń bẹ lápá òsì," ó wí. "Ó jìnnà díẹ̀. Jókòó sí ìbòòji òkìtì ọ̀gán yìí, kí n lọ bu ún wá fún wa. Jọ̀ọ́, má kúrò níbẹ̀."

Ó kọ ojú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sápá òsì, ó lọ. Ìjàpá jókòó. Ó ń rò ó. Ó ní, "Bí ó bá ṣe èmi ni mo rí omi, ṣé n óò padà wá? N kò ní padà. Ajá náà kò ní padà." Ìwà ara rẹ̀ ló fi wọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó tún wo ìkùukùu ìhà ìlà oòrùn yẹn, ó rí i pé ó ti tóbi, ó sì ti dúdú nísàlẹ̀. Ó rí Yánníbo lọ́kàn rẹ̀ tó ń yẹ irúgbìn wò lọ́wọ́. Ló bá gun kẹ̀kẹ́, ó di pẹ́ú sójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ jìnnà rí, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Kì í kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Inú èèyàn á ti kọ́kọ́ máa bí i sí atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Òógùn tó ń ṣàn á dáwọ́ dúró, iyọ̀ á gbẹ síwájú orí. Itọ́ á le lẹ́nu bí àtè. Òtútù á máa mú èèyàn nínú oòrùn gangan. Bó ṣe ṣe Ìjàpá nìyẹn. Ó rí Yánníbo lẹ́bàá ọ̀nà tó ń gún iyán. Ó tẹ agogo fún un, ó kí i. Kùkùté ni. Ó tún rí i níwájú, ó fi aṣọ borí. Òkúta ni.

Orin kò jáde mọ́. Kẹ̀kẹ́ wọ́ sọ́tùn-ún, ó wọ́ sósì, ó wó lulẹ̀. Bó ṣe ń ṣubú, Ìjàpá gbá kèrègbè mọ́ àyà, ó fi ẹ̀yìn gba ilẹ̀. Kèrègbè kò fọ́. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè, ó sì ń gbọ́ omi náà létí rẹ̀, pọ̀lọ̀, pọ̀lọ̀.

"Ẹ̀kán kan péré," ó wí. "Kí n fi tọ́ ètè."

Ó tọ́ ètè. Omi náà ṣì tutù.

"Ó yẹ kí n tọ́ ọ wò dáadáa. Bó bá ti kan ńkọ́? Èèyàn kì í gbé omi kíkan lọ fún ìyàwó."

Ó tọ́ ọ wò dáadáa.

"Bí mo bá kú sójú ọ̀nà, ta ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Nítorí Yánníbo ni mo ṣe ń mu ún."

Nítorí Yánníbo, ó mu ún kan ìsàlẹ̀. Bó ti ń mu ún, ó ń gbọ́ ọ ní gbogbo ara pé, "Bàbá ilé mi, ṣé ẹ jíire?" Ohùn yẹn kò dún sí i létí tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti lọ. Nígbà tó gbé kèrègbè kúrò lẹ́nu, kò wúwo mọ́. Ìjàpá sunkún. Mo sọ fún yín, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó gbé kẹ̀kẹ́ dìde, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, ó ń wọ́ ọ lọ, orin rẹ̀ sì ti yí padà. Ẹ rọra gbè é:

Yánníbo, mò ń bọ̀ lọ́nà,
— Kẹ̀kẹ́ yí, yí, yí.
Omi rẹ ń bẹ nínú mi,
— Kẹ̀kẹ́ yí, yí, yí.

Ó dé ẹnu odi Òkè-Iyọ̀. Kànga wà níbẹ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù tún sọ jí nínú rẹ̀. Ó mu omi kànga níyọ̀níyọ̀ títí ikùn rẹ̀ fi le, ó rọ ọ́ kún inú kèrègbè, ó fi ewé dí i, ó sì fi aṣọ Yánníbo wé e padà. Ó wọ ilé àna.

Bàbá Yánníbo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Káàbọ̀, àna wa. Dìde."

Kò dìde. Kò sí okun tí yóò fi dìde. Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ẹ wo bí ọmọ yìí ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnni!"

Ìyá Yánníbo gbé oúnjẹ jáde. Ọ̀lẹ̀ ni, ó gbóná, ó ń rú èéfín. "Àna wa, ẹ jẹun."

Ebi ń pa Ìjàpá débi tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ṣùgbọ́n èèyàn kì í gba oúnjẹ àna lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á fi lọ̀ ọ́, wàá kọ̀, wọ́n á tún bẹ̀ ọ́, wàá wá jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Ó ní, "Mo ti yó, mà."

Ìyá náà wò ó. Òun náà kò tíì gbàgbé ọ̀lẹ̀ àkọ́kọ́. "Ó dáa," ó wí, ó sì gbé e wọlé padà. Ojú Ìjàpá sin ọ̀lẹ̀ náà dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Yánníbo ló jáde. Láti àárọ̀ tí Àdàbà ti sọ pé ọkọ rẹ̀ wà lọ́nà ni kò ti fi nǹkan kan ẹnu, ó ní òun fẹ́ fi omi ilé òun ṣí ọ̀fun. Ó rí aṣọ rẹ̀ lára kèrègbè, ó fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọ̀nà, bàbá ilé mi." Ó fọwọ́ méjèèjì gba omi náà, ó mu ún.

Ó tún gbé e sẹ́nu, ó tọ́ ọ wò.

"Ìjàpá, kànga bàbá mi nìyí."

"Oòrùn ọ̀nà ló yí i padà! Òógùn mi ló kán sí i! Bí ọ̀nà ṣe jìnnà tó..."

Agogo kẹ̀kẹ́ dún níta. Ajá ló dé, ahọ́n rẹ̀ ń fì, kèrègbè tó kún dẹ́nu wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ìjàpá! Kí ló dé tó o kò dúró? Mo gbé omi dé ìdí ọ̀gán, ipa táyà rẹ nìkan ni mo bá. Mo ti wá ọ ká gbogbo pápá."

Ìtìjú bo Ìjàpá, kò rí ibi sá sí. Ó ké, "Yánníbo, n kò parọ́ tán! Omi rẹ dé. Inú mi ló wà. Ẹ gbé mi, ẹ ó gbọ́ ọ."

Bàbá Yánníbo bẹ̀rẹ̀, ó gbé àna rẹ̀ sókè, ó gbé e súnmọ́ etí. Àárẹ̀, ìbẹ̀rù àti ìtìjú pàdé nínú Ìjàpá. Ó fa orí wọlé. Gbogbo omi tó mu, ti ìsun àti ti kànga, tú jáde ṣàà, ó rin aṣọ àna rẹ̀ láti àyà dé ẹsẹ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Àwọn ará ilé náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú. Yánníbo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìwọ ni mo ń retí. Omi kàn jẹ́ àwáwí ni. Bí o bá gbé kèrègbè òfìfo dé, kí o ní, 'Òǹgbẹ gbẹ mí, mo mu ún,' ǹ bá tẹ̀lé ọ lọ lónìí. Ǹ bá jẹ́ kó o sinmi ni, ká sì jọ máa lọ."

Bó ti sọ̀rọ̀ náà tán, àrá sán. Òjò àkọ́rọ̀ kán sí erùpẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan. Ìyá rẹ̀ nawọ́ igbá irúgbìn sí i. Yánníbo gbà á. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn, ó wo Ìjàpá pẹ́.

"Ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn ń bọ̀," ó wí. "Bó o bá gbé e wá, gbé òótọ́ pẹ̀lú rẹ̀." Ó lọ sóko, ó sì gbin àgbàdo.

Ajá gba kẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀, ó lọ. Ìjàpá fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé. Láti ọjọ́ náà, kò fọkàn tán kèrègbè mọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé gbé e fún. Inú ara rẹ̀ ló ń rọ omi sí. Bó bá dé ibi omi, á ki orí bọ̀ ọ́, á mu ún pẹ́pẹ́, kò ní gbójú sókè. Yánníbo ló ń pọn omi fún. Lẹ́yìn náà á dojú kọ ọ̀nà Òkè-Iyọ̀, á máa rìn díẹ̀díẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn o, tí ẹ bá gbé Ìjàpá sókè lóko, tí á fi fa orí wọlé, tí omi á sì tú jáde lára rẹ̀. Àrífín kọ́. Ó rò pé ọwọ́ àna òun ló gbé òun ni. Ó rò pé òun ti dé, ó ń fi omi jíṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá gbé e kalẹ̀, tó bá yọjú tó rí i pé oko lásán ni, ẹ wo bó ṣe máa ń dúró díẹ̀ kó tó tún gbéra. Ẹ má pariwo lé e lórí mọ́. Ẹ rọra gbé e kalẹ̀, kí ẹ kọ ojú rẹ̀ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi ti sọ̀ nìyí, mo gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Bí mo bá parọ́, kí agogo rẹ̀ yadi. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni mo sọ, ẹ bá mi gbọ́ ọ:

Gbiriń! Gbiriń! Gbiriń!